Agbádá Ẹni Tó Jókòó

Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwa mẹ́ta la wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Yeoville: èmi, Bàbá Tọ́lá, àti Tọ́lá fúnra rẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀, tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Jàǹbá ọkọ̀ ti gba agbára ẹsẹ̀ bàbá náà lọ́dún tó kọjá. Orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló wà. Mo gbé agbádá funfun tí mo rán fún un wọ̀ ọ́, mo yí àga rẹ̀ sí dígí.

Ó wo ara rẹ̀ pẹ́.

"Télọ̀, mo dà bí ẹrù aṣọ tí wọ́n ń gbé lọ fọ̀."

Tọ́lá rẹ́rìn-ín. "Eish, Dádì, ó dára jàre."

"Kò dára. Kí ẹ̀gbọ́n mi mú ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi á ti jókòó sẹ́yìn."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà.

"Ẹ fún mi títí di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, sà," ni mo wí.

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́ ni mo lò: láti èjìká dé ọrùn ẹsẹ̀, iṣẹ́ ọnà àyà sì dé ìdodo. Ìwọ̀n ẹni tó dúró nìyẹn. Bí ó bá jókòó, iṣẹ́ ọnà náà á wọnú itan, aṣọ á kó jọ síkùn, orí nìkan ló máa yọ.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ fi èyí hàn mí. Kó tó kú, orí irú àga bẹ́ẹ̀ lòun náà wà. Lọ́jọ́ kan ó gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, ó gé iwájú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ní ó ti ba aṣọ jẹ́. Ó ní, "Ta ló ń dúró nínú rẹ̀?"

Mo jókòó síwájú dígí, mo da agbádá náà bo ara mi, mo fi píìnì ṣàmì sí i. Mo fi aṣọ tuntun pààrọ̀ iwájú, kò kọjá orúnkún. Iṣẹ́ ọnà rẹ̀ parí lókè ikùn, kí ẹni tó bá ń wò ó lè gbójú sókè dé ojú bàbá. Mo gé ẹ̀yìn dé ìdí. Mo dín apá kù kí táyà àga má bàa fà á. Mo fi ìka méjì kún gíga fìlà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó tún wo dígí.

"Ẹ ti sọ mí di ẹni gíga."

"Aṣọ ni mo dínkù, sà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Tọ́lá. "Pe ẹ̀gbọ́n mi. Sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣèyọnu mọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ táàsì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ́rẹ́ òun òwú wà lápò mi. Mo jókòó létí ọ̀nà àárín. Wọ́n wọlé, Tọ́lá gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá rẹ̀, bàbá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí àga. Gbogbo ènìyàn ń wo ìyàwó. Èmi ń wo táyà títí wọ́n fi dé iwájú pẹpẹ.