Ẹ̀bẹ̀ Tí Àǹtí Bá Mi Bẹ̀

Mo jẹ̀bi, mi ò ní purọ́. Ní Sátidé kan tí ẹni tó máa ń bá mi wo ọmọ kò wá, mo bu ìrẹsì fún ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo tan tẹlifíṣàn fún un, mo tilẹ̀kùn, mo sì gba Buford lọ, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Shift wákàtí mẹ́jọ ni. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ba ọmọ, ó ṣílẹ̀kùn látinú, ó jáde. Aládùúgbò kan rí i láàárín àwọn mọ́tò nísàlẹ̀, tó ń wá mi kiri láìwọ bàtà, ló bá pe ọlọ́pàá. Kí n tó délé, ìjọba ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí mi ò mọ̀ rí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ní kí n lọ bá Àǹtí kan nínú ìjọ wa tó ń gbé Hampton. Ìjọba ti gba ọmọ tiwọn náà rí, nígbà tí Àǹtí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i gbà padà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó àwa òbí tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí jọ sí pálọ̀ wọn lọ́sàn-án Sátidé. Kálukú á sọ tiẹ̀, Àǹtí á sì kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń dúró níwájú adájọ́. Ká sòótọ́, wọ́n ràn mí lọ́wọ́. Àwọn ló bá mi wá obìnrin tí yóò máa wo ọmọ tí mo bá wà níbi iṣẹ́. "Ohun tí a kò bá bi yín, ẹ má dáhùn," wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún fọwọ́ lu àga: "Ohun tí a bá sì sọ ní pálọ̀ yìí, ibí ló ń kú sí o!"

Èmi òmùgọ̀, mo bá tú gbogbo inú mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo sọ ohun tí mi ò sọ fún lọ́yà mi, tí kò sí nínú fáìlì rárá: pé mo ti fi bẹ́líìtì na ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì rí, àti pé ẹ̀ẹ̀kejì dá àpá sí i lẹ́yìn. Mo sunkún. Àǹtí gbá mi mọ́ra, wọ́n ní, "Ó tó, ọmọ mi. Ta ni kò na ọmọ rí? Ṣá má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo sun oorun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Oṣù márùn-ún ni mo fi ṣe gbogbo ohun tí kóòtù ní kí n ṣe. Mo lọ sí kíláàsì àwọn òbí, mo yí shift mi padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo ilé mi, wọ́n ṣí fíríìjì mi wò bí ìyá ọkọ. Lọ́yà ní kí n fọkàn balẹ̀, ọjọ́ tí a bá padà sí kóòtù ni ọmọ máa bá mi lọ sílé. Mo ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àǹtí bá mi wọ train lọ sí Downtown, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

Obìnrin tí ìjọba fi sídìí ọ̀rọ̀ wa dìde, ó ń ka ìwé. Ó ní àgbàlagbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì mi wá bá òun ní ọ́fíìsì, ó sì sọ fún òun pé ìyá ọmọ yìí ti fi bẹ́líìtì na ọmọ títí ó fi dápàá. Yéè! Lọ́yà mi wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Àǹtí sì ń fọwọ́ pa ọwọ́ mi, wọ́n ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Má mikàn. Mo ti bá ẹ bẹ̀ wọ́n." Adájọ́ ní kí wọ́n lọ wádìí, kí ọmọ ṣì wà níbi tó wà fún oṣù mẹ́ta sí i.

Ìta yàrá kóòtù ni mo ti bi wọ́n. Mi ò kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni," wọ́n dáhùn, láìmójú kúrò lára mi. "Mo kúnlẹ̀ fún obìnrin yẹn ní ọ́fíìsì rẹ̀, èmi tí mo lè bí i lọ́mọ. Mo ní ó ṣẹ̀, ó ti jẹ́wọ́, kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí pásítọ̀ ṣe bá èmi náà bẹ ìjọba nìyẹn, wọ́n sì gbọ́. Àbí kí n lọ máa bá wọn jiyàn?"

Ẹ wò ó, ohun tí wọ́n ń sọ yé mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé. Tí ọmọ ẹni bá ṣẹ̀, àgbà kì í ṣàwíjàre, á gba ẹ̀bi, á tiẹ̀ fi kún un, kí inú ẹni tó ń bínú lè rọ̀, kí ó ní, "Ẹ dìde, mà, ó ti tán." Ṣùgbọ́n ta ló ń bínú ní ọ́fíìsì yẹn? Bíírò lobìnrin náà mú, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀! Àǹtí tó sì ń kọ́ wa pé ká pa ẹnu wa mọ́ náà ló lọ ya tiwọn lé mi lórí. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́. Mo sọ ọ́ sí wọn lójú, àgbà o, àgbà kọ́ o.

"Ẹ ní pálọ̀ yín ló máa kú sí," mo wí.

"Ẹ̀bẹ̀ kì í ṣe òfófó," Àǹtí ní.

Èmi nìkan ni mo wọ train padà. Inú ń bí mi débi pé mo ré ibi tí mo ti máa sọ̀ kalẹ̀ kọjá.

Lọ́jọ́ kẹta mo lọ wo ọmọ mi ní yàrá kékeré tí wọ́n ti máa ń jẹ́ ká ríra, obìnrin ìjọba náà jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọmọ ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn. Mo ní kò tíì tó àsìkò àtilọ sílé, pé ẹnìkan sọ fún adájọ́ pé mo nà án. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó fa orí mi mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí:

"Mọ́mì, èmi kọ́ o. I swear. Wọ́n bi mí nípa àpá ẹ̀yìn mi, wọ́n bi mí, mo ní mo ṣubú lórí bike ni."

Ọmọ tí mo nà ló ti ń bò mí láṣìírí láti oṣù márùn-ún. Ìtìjú bò mí, mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní mo mọ̀ pé òun kọ́. Mo ní tí wọ́n bá tún bi í, kó má purọ́ nítorí mi mọ́, kó sọ pé mo nà òun.

Ó fi mí sílẹ̀, ó sún sẹ́yìn.

"So ẹ ò fẹ́ kí n wá sílé mọ́?"