Díìsìkì Tó Ń Sùn

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta àlòkù láàpútọ́ọ̀pù ní Agbowó, tí mo gbà pé nọ́ńbà tó bá ti pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, òótọ́ ni. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹnu mi ka ju ìyẹn lọ. Mo ní ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń wọn bí díìsìkì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ẹrù rẹ̀ pamọ́ sí, ṣe ń yára tó. Fídíò ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń fi wọ̀n ọ́n. Kí oníbàárà tó dé, mo ti máa ń wọ̀n ọ́n sílẹ̀, kí ẹ̀rọ má lọ dójú tì mí lójú àlejò.

Àfi bí tíṣà kan ṣe ti Apẹ̀tẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó gbé dígí sójú bí ẹni tó fẹ́ pín ogún. Mo wọn díìsìkì èyí tó fẹ́ rà lójú rẹ̀: ẹgbẹ̀rún méjì mẹ́gábáìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan! Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dúró ná, ó ṣí ètò mìíràn, èyí tó ń ṣọ́ ohun tí díìsìkì ń ṣe lọ́wọ́, ó ní kí n tún un wọ̀n. Ètò tirẹ̀ kọ òdo.

"Màmá, díìsìkì yín ń sùn. Ta ló wá ń sáré?"

"Ẹ bi í léèrè, Tíṣà! Ṣé èmi ni mo bí i ni?"

"Irọ́ lẹ fi ń tajà. Ẹ jẹ́ ká lọ bá alága."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni alága ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ti ilẹ̀kùn ẹnìkan pa nítorí ayédèrú ọjà. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Eléyìí ní ẹgbẹ̀rún méjì, tọ̀hún ní òdo, bí ìyàwó méjì tí ọkọ ní kí wọ́n wá jẹ́rìí. Mo gbá kọ̀ǹpútà náà létí.

Ariwo wa ló mú obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ̀kalẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ ti kọ́kọ́ fi fídíò yìí wọ̀n ọ́n láàárọ̀?"

"Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

"Kọ̀ǹpútà ti há a sórí. Orí ló ti ń kà á fún yín, kò dé ọ̀dọ̀ díìsìkì mọ́. Ètò méjèèjì ò purọ́, ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni ò dọ́gba."

Ó pa ẹ̀rọ kí ohun tó há sórí lè pa rẹ́, ó tàn án padà, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré. Ọgọ́rùn-ún níbí, ọgọ́rùn-ún lọ́hùn-ún. Tíṣà wò mí, mo wolẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ̀rún méjì tí mo ti fi búra fún àwọn oníbàárà mi ará Bódìjà!

"Màmá, ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ dì í fún mi."

Lónìí, ojú oníbàárà ni mo ti ń pa ẹ̀rọ, tí mo ń tàn án, tí mo sì ń wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ a yínmú, wọn a sọdá sí ṣọ́ọ̀bù kejì níbi tí ẹgbẹ̀rún méjì ti pọ̀ bí erùpẹ̀. Ó máa ń ká mi lára débi pé mo máa ń fẹ́ ju bàtà tẹ̀lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn a ti Apẹ̀tẹ̀ dé, á ní, "Tíṣà ló ní kí n wá bá yín." Alága ò sì tíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mi.