Àsíá tí Sabina Tuohy rán

Bí aṣọ bá ya lórí òkè ìwakùsà wúrà ní Ballarat lọ́dún 1854, Sabina Tuohy ni wọ́n ń gbé e lọ bá. Opó ni, ará Ireland. Àgọ́ tí ó bá rán, òjò kì í wọ̀ ọ́.

Ọdún náà, ìwé àṣẹ ìwakùsà tí ìjọba ń fipá tà fún àwọn awakùsà lóṣooṣù ti sú wọn. Wọ́n dá ìpàdé ẹ̀hónú, wọ́n sì bẹ Sabina kí ó rán àsíá tiwọn: aṣọ búlúù, àgbélébùú funfun, ìràwọ̀ márùn-ún. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ó ku ìràwọ̀ kan nígbà tí igbe "Joe! Joe!" gba òkè. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń ké bí ọlọ́pàá bá ń bọ̀. Bí wọ́n bá gba àsíá náà, ó parí.

"A gbé!" ni Dympna aládùúgbò rẹ̀ wí. "Ṣé kí n jókòó lé e ni?"

"Ìdí rẹ tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó bò ó. Gbé e kọ́ sẹ́nu ọ̀nà!"

Lórí òkè wa, kò sí ìsọ̀ tí kì í gbé àsíá kọ́ síta. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá tí ó dé dúró wò ó.

"Ìyá, àsíá kí lèyí?"

"Ti ìsọ̀ mi ni, ọ̀gá."

"Tó tóbi báyìí?"

"Ojú àwọn oníbàárà mi ò ríran jìnnà."

"Kí lẹ wá ń tà?"

Sabina wò ó tòkètilẹ̀. "Aránṣọ ni mí. Ẹ kẹ̀yìn sí mi, ọ̀gá. Háà! Ṣòkòtò yín ti ya dé itan. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe la gbogbo òkè já?"

Ọlọ́pàá fọwọ́ bo ìdí. "Ẹ bá mi rán an. Ṣùgbọ́n kí ni màá ró?"

Dympna já àsíá lulẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọlọ́pàá ró o mọ́ra nígbà mẹ́ta.

"Ó mà yẹ yín o!" ni Dympna wí. "Ìyàwó ọ̀ṣìngín!"

"Ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́."

Sabina ò yára ránṣọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọlọ́pàá wọ ṣòkòtò rẹ̀, ó dúpẹ́, kò sì tún béèrè ohunkóhun.

Ìràwọ̀ ìkẹyìn wọ́ díẹ̀, torí ìkánjú. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n fa àsíá náà sókè lọ́sàn-án, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin ṣí fìlà. Sabina tẹ orí ba.

Dympna fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. "Gbójú sókè jàre! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni wọ́n ń ṣí fìlà fún."

Ó gbójú sókè. Afẹ́fẹ́ ń fa àsíá náà kíkankíkan, ojú rírán kan ò sì tú.