Òyìnbó Tí Ìlú Rẹ̀ Kò Ní Ọmọ Ogun

Láti ọjọ́ tí òyìnbó náà ti gbé ẹrù rẹ̀ wọ yàrá iwájú ilé wa ní Bẹyẹrunka ni ara ti ń fu mí. Aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú ṣe ọnà sí lára ló ń tà, ó sì gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nítorí ó ti pẹ́ ní Èkó. Àwọn òyìnbó tí a mọ̀, ọ̀dọ̀ Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń wà, tàbí lọ́dọ̀ àwọn oníwàásù ní Kúdẹtì. Kí wá ni èyí ń wá láàárín wa, tó ń bá wa fa omi nínú kànga kan náà?

Ní Ìbàdàn ìgbà náà, ẹni tó bá gba àlejò sílé ló ń dúró fún un. Bí àlejò bá ṣe ohun tí kò dára, onílé ni wọ́n máa wá mú. Bàbá ọkọ mi ni mọ́gàjí agboolé wa. Ó ti jagun dé Kírìjì nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kí wọ́n wá wọ́ òun lọ nítorí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, á pe òyìnbó wá síwájú ilé, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Èmi náà á gbé àpótí ìjókòó mi súnmọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ò pè mí o.

“Ìlú wo lo ti wá?”

“Liktẹ́nsítáìnì.”

Bàbá kò tilẹ̀ gbìyànjú láti pe orúkọ náà. “Báwo ló ṣe tóbi tó?”

“Kò tóbi. Bí ìwọ bá jáde láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, ìwọ ti wọ ilẹ̀ ẹlòmíì.”

Bàbá ló ń pè ní ìwọ bẹ́ẹ̀! Ta ló kọ́ ọ ní Yorùbá yìí ní Èkó? Ó ní odò ńlá kan wà lápá kan, òkè wà lápá kejì, ìwọ̀nba ilẹ̀ tó wà láàárín wọn ni gbogbo orílẹ̀-èdè wọn. Mo bi í bóyá òkè náà ga tó òkè Mapo. Ẹ̀rín ló bú sí, inú sì bí mi. Ó ní bí ìgbà ooru bá dé, wọn á da màlúù lọ sórí òkè, ibẹ̀ ni wọn á wà títí òtútù á fi lé wọn sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin wọn ń hun aṣọ òwú nínú ilé ńlá létí odò, omi ló ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń hun ún. Èso àjàrà ni àwọn mìíràn ń gbìn. Ní ti èrò, ó ní àdúgbò díẹ̀ nínú Ìbàdàn ti pọ̀ ju gbogbo àwọn lọ.

Ilé ìwé Kúdẹtì ni mo ti kàwé kí wọ́n tó gbé mi wọ agboolé ìmàle. Mo yọ ìwé àwòrán ayé mi jáde, mo wá ìlú náà títí ojú fi ń ro mí. Kò sí níbẹ̀. Mo sáré lọ bá Bàbá pé irọ́ ni ọkùnrin yìí ń pa.

“Ní sùúrù,” ni Bàbá wí. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń ṣú, ó tún pè é.

“Ọba yín ńkọ́?”

“Ọba wa kì í gbé lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ̀ àwọn Ọ́síríà tó múlé tì wá ló ń gbé, nínú ìlú ńlá wọn.”

“Owó wo lẹ ń ná?”

“Owó Ọ́síríà.”

“Àwọn ọmọ ogun yín ńkọ́?”

“A kò ní. Ó ti pẹ́ tí a ti ní kí wọ́n máa lọ sílé.”

Bàbá ní kó lọ sinmi. Nígbà tí òyìnbó wọlé, ó fi ọwọ́ pè mí. “Ìyàwó, irọ́ kọ́ ló ń pa. Wọ́n ti kó ìlú wọn ni. Ìlú tí kò ní jagunjagun, tí ọba rẹ̀ ń gbé ní ìlú ẹlòmíì, kí ló tún kù? Ẹrú àwọn Ọ́síríà ni ọkùnrin yìí. Ó sá wá ni.”

Ó yé mi yékéyéké. Abájọ tí kì í bá àwọn òyìnbó yòókù jẹun! Láti ọjọ́ náà, bó bá wúkọ́, màá ní ẹ̀rù ló ń bà á. Bó bá rẹ́rìn-ín, màá ní ó ń fi bojú ni. Mo ní kí Bàbá lé e jáde kí olówó rẹ̀ tó wá ká a mọ́ wa lọ́wọ́. Bàbá kọ̀. Ó ní ojú ogun ni wọ́n ti mú ìyá tó bí òun lẹ́rú, òun kò sì lè lé ẹni tó sá àsálà.

Nígbà tó yá, ogun àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀. Àwọn akódà ń kéde káàkiri Bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti Ọjà'ba pé kí a fi gbogbo ará Jámánì àti ará Ọ́síríà hàn. Òyìnbó tiwa ní ìyẹn kò kan òun, pé àwọn kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kò pẹ́ tí òyìnbó ìjọba kan fi yọ sí wa, òun àti ògbufọ̀ rẹ̀ àti akódà méjì. Ó bi àlejò wa ní ọ̀rọ̀ títí, ó mi orí, ó kọjú sí Bàbá.

Ògbufọ̀ ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbà á sílé. Ará ibo ni? Bí ẹ bá fi ọ̀tá pa mọ́, wọ́n á mú ẹ̀yin náà.”

Bàbá ì bá ní òun kò mọ̀. Ó dìde, ó gbé etí agbádá rẹ̀ sí èjìká. “Ẹ sọ fún un pé ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀tá. Ẹrú àwọn Ọ́síríà ni. Ọba rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ wọn, owó wọn ni wọ́n ń ná nílùú rẹ̀. Ó sá fún wọn ni. Ta ló ń bá ẹrú jà nítorí olówó rẹ̀?”

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ìjọba ní, tí àwọn Ọ́síríà bá ni ín, ará ibẹ̀ náà ni. Àlejò wa pariwo pé rárá, òun kì í ṣe tiwọn. Ó kọjú sí mi: “Sọ fún wọn!”

Mo ní, “Ó sọ fún wa pé àwọn kò ní ọmọ ogun kankan.”

“Ṣé ẹ dé ibẹ̀ ni?” ni ògbufọ̀ bi mí.

“N kò dé ibẹ̀.”

Wọ́n mú un lọ, tòun ti aṣọ rẹ̀. Bàbá wò wọ́n títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó ní ìkà ni àwọn òyìnbó, pé ní ayé tàwọn, bí ẹrú bá sá wọ ilé akọni, ó bọ́ nìyẹn.

N kò lè pa á mọ́ra. “Bàbá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ni wọ́n fi mú un.”

Ó yíjú sí mi. “Èwo ni mo sọ tí kì í ṣe òótọ́? Ọba rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn ni? Àbí owó wọn kọ́ ni wọ́n ń ná?”

 Gbogbo ohun tí Bàbá wí ni òyìnbó náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa, àfi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹrú. Àwa la fi ìyẹn kún un.