Ẹ̀wà Tó Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Wọ Oko Ìyá Eléwúrẹ́

Nígbà tí Ọ̀gá Fèrèsé fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, ó ní ariwo ìgboro ti sú òun, òun ń padà sí ìlú kékeré tí wọ́n bí òun sí, lẹ́sẹ̀ òkè, kí òun lè máa mí afẹ́fẹ́ tó mọ́. Kó tó ra búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo, fèrèsé ló kọ́kọ́ rà. Fèrèsé ọ̀hún tóbi bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kọjú sí òkè gangan. Nígbà tó kọ́lé náà tán, láràárọ̀ ni yóò gbé àga síwájú rẹ̀, tí yóò máa wòkè, tí yóò máa mirí.

Àwọn tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ lọ sóko ò gbà pé ojú lásán ni. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ránṣọ lẹ́bàá títì, ló wá sọ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ẹ ń ṣọ́ oko olóko.”

“Òkè ni mò ń wò.”

“Kí ló ṣe òkè?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó ní àárín àgbẹ̀ ni wọ́n bí òun náà sí, wọn yóò rí i. Ó ra bàtà rọ́bà àti fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó gba ilẹ̀ kan ní gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ òkè, ó sì kọ ebè gbọọrọ láti òkè wá sísàlẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa dùn ún wò láti inú ilé. Ìyá Eléwúrẹ́, opó tí oko rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tirẹ̀, dúró wò ó títí.

“Ọ̀gá, ṣé báyìí lẹ fẹ́ kọ ọ́?”

“Báyìí gan-an ni, ìyá.”

“Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́ o.” Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lọ bí ẹni tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún.

Ọ̀gá gbin ẹ̀wà. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ ṣe dé, omi rí ọ̀nà tààrà, ó sáré. Ó gbé ilẹ̀ dúdú, ó gbé ẹ̀wà, ó gbé fìlà tí Ọ̀gá fi kọ́ igi. Kò pẹ́, oko Ọ̀gá pá bí orí arúgbó, ti Ìyá Eléwúrẹ́, tí kò tíì gbin nǹkan kan, wá kún fún ẹ̀wà, ó tutù yọ̀yọ̀.

“Ìyá, ẹ̀wà mi nìyí!”

“Ta ló pè é? Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé. Èmi kàn gbà á lálejò ni.”

“Ẹ dá a padà.”

“Ẹ pè é. Bó bá jẹ́ tiyín, kó máa bá yín lọ.”

Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Àwọn àgbààgbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, gbogbo ìlú sì fi oko sílẹ̀ wá bá wọn gbọ́ ẹjọ́. Àwọn kan ní olóhun ló ni ohun rẹ̀, àwọn kan ní onílẹ̀ ló ni ohun tó hù lórí ilẹ̀. Bàbá kan fẹ́ mọ ẹni tó ni òjò. Èpò ń yọ nínú oko oníkálukú, kò sẹ́ni tó bìkítà. Níkẹyìn, ẹni tó dàgbà jù nínú wọn wúkọ́.

“Ẹ pín in sí méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ló lọmọ, òun náà ló ń wẹ̀ ẹ́. Ta ló máa ro oko ẹ̀wà yìí?”

“Ẹ̀wà Ọ̀gá ni!” Ìyá Eléwúrẹ́ ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. “Mi ò bá a du ọmọ mọ́.”

Báyìí ni Ọ̀gá Fèrèsé ṣe roko olóko títí ẹ̀wà fi gbó. Ọwọ́ rẹ̀ bó, ẹ̀yìn ń ro ó, Ìyá Eléwúrẹ́ jókòó lábẹ́ igi, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń nawọ́: “Ẹ ò rí tibẹ̀ yẹn, Ọ̀gá.” Ọ̀gá kọ́kọ́ bínú. Nígbà tó yá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yi, oorun rẹ̀ wá dùn, òun àti ìyá sì ń ṣàwàdà.

Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀wà náà, Ọ̀gá ru tirẹ̀ gba àárín ìlú kọjá, ó ń bu fún gbogbo ẹni tó bá bi í léèrè ibi tó ti kórè. Kó tó délé, àpò ti ṣófo. Ilé àbúrò rẹ̀ ló ti padà jẹ ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé òun mọ̀ ọ́n lẹ́nu, oko òun ló ti wá.