Àjàgbọn Orí Àpáta

Tí mo bá gbóòórùn gbòǹgbò tútù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó inú ìkòkò ní Parakou, ẹsẹ̀ mi kì í dúró.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àjàgbọn kan wà lórí àpáta ní Sanson, abúlé ìyá àgbà mi, tí ewúrẹ́ ti jẹ títí ó fi kúrú bí arúgbó. Tonton mi, ọmọkùnrin ìyá àgbà tó ń gbé ní Kútọnu, fẹ́ gbé e sínú ìkòkò kó fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé ẹ̀.

Ìyá àgbà ní, "Dúró de òjò, kí o hú u pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí ẹ̀."

"Màmá, ọ̀la ni mò ń padà sí Kútọnu."

Tonton fi àdá gé gbòǹgbò ẹ̀, ó gbé igi náà sínú báṣíà. Gbogbo ọ̀sán yẹn ni mo fi ń bomi rin ín.

"Ìyá àgbà, ewé ẹ̀ ṣì tutù."

"Mo rí i, ọmọ mi."

Àṣé igi náà ti kú. Ewé ni ò tíì gbọ́.