Egbò Màmá Mi àti Ẹyin Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Aránṣọ ni mí ní Ìwó, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gé ọmú òsì màmá mi nítorí jẹjẹrẹ, egbò ni mo sọ diṣẹ́. Ẹ̀rọ onítànṣán ni wọ́n kọ́kọ́ lò síbẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, awọ ibẹ̀ sì ti dúdú, ó le. Ojú ibi tí wọ́n rán là, kò sì pa dé. Dókítà ní bí kò bá jinná, àwọn máa gé awọ díẹ̀ lára itan màmá mi, àwọn á fi lẹ̀ ẹ́.

"Ẹ fi itan mi sílẹ̀ o!" ni màmá mi wí.

Bí mo ṣe kó wọnú ẹ̀kọ́ gọ́ọ̀sì nìyẹn, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníhò tí wọ́n fi ń di egbò. Mo bi nọ́ọ̀sì tó ń wá wo egbò náà nílé ní ìbéèrè títí ó fi ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má jẹ́ kí egbò náà gbẹ: kí n rẹ gọ́ọ̀sì sínú omi iyọ̀ tí wọ́n fún wa, kí n fún omi ara rẹ̀ dà nù, kí n tẹ́ ẹ síbẹ̀ jẹ́jẹ́. Bí mo bá fẹ́ ṣí i, kí n tún rin ín, kó má baà fa ẹran tuntun já. Háà, ẹran tuntun! Ó pupa, ó ń dán, ó rí wínníwínní bí ahọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń sáré wò ó.

Àfi bí egbò náà ṣe dúró sójú kan, tí kò kéré sí i mọ́. Nọ́ọ̀sì bi màmá mi pé, "Mà, ṣé ẹ ń jẹ ẹyin?"

Màmá mi wo ẹ̀gbọ́n wọn, tó wá láti Olúpọ̀nnà wá máa dáná fún wa. Gbogbo ẹyin tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé wá, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀gbọ́n wọn ń kó o sí.

"Ṣé elégbò ló ń jẹ ẹyin? Kó lè ṣọyún ni?" ni ẹ̀gbọ́n wọn wí.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹyin, ẹ̀wà àti ẹja ni ẹran tuntun fi ń hù."

Màmá mi di àyà mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti febi pa ẹran ara mi!"

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n wọn fúnra wọn ló ń bó ẹyin, wọ́n á sì dúró ti màmá mi títí màmá mi á fi gbé e mì. Díẹ̀díẹ̀ ni etí egbò ń sún mọ́ra.

Nígbà tí dókítà tún wò ó, ó ní kò sí ìdí láti fọwọ́ kan itan mọ́. Awọ tuntun ti bò ó, ó fẹ́lẹ́ bíi nálọ́ọ̀nù. Mo tẹ̀ síwájú, mo tún fẹ́ wò ó dáadáa.

Màmá mi fa bùbá bo àyà. "Ó tó gẹ́ẹ́! Èmi kọ́ ni tẹlifíṣọ̀n rẹ."